Kí A Tó Sọ Pé Agbábọ́ọ̀lù Ń Ṣàìsàn Nítorí Èsì Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀

Tí sáà líìgì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láti Ilé-Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti Iléṣà máa ń wá sí yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sábó, nítorí pé ikọ̀ tó fẹ́ gbà wọ́n ti ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àwọn mìíràn kì í wá fún àyẹ̀wò rárá. Èsì tí wọ́n ti gbà níbòmíràn ni wọ́n ń mú bọ̀, kí n lè bá wọn túmọ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó fún wọn ní ìwé náà kò ṣe àlàyé kankan ju pé ó fi bírò pupa yí nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta ká. Ọ̀rọ̀ bírò pupa yìí ni mo fẹ́ sọ. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èsì pé ó dára, ara àwọn ènìyàn tí kì í ṣe eléré ìdárayá ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó ń gba owó oṣù lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í bá ṣe aṣọ́lé, máa ń rin, ó sì máa ń sáré, nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 13 nínú ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ń ṣe ìgbáradì ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ tó kù nínú ọ̀sẹ̀. Kò sí bí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe rí bí ti akọ̀wé tó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá ẹ̀yìn mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá. Ilé àyẹ̀wò kan tí n kò ní dárúkọ ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́, nítorí pé AST rẹ̀ ga, ALT rẹ̀ náà sì ga díẹ̀. Kóòṣì rẹ̀ ti ní kó lọ máa sinmi nílé, ìyá rẹ̀ sì ti ra àgbo fún un. “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹnu kan ọtí rí,” ni ohun àkọ́kọ́ tó sọ kí n tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní ọjọ́ kejì tí ikọ̀ náà kó wọn lọ gbé irin ni, ó sì ti pẹ́ tó ti gbé irin kẹ́yìn.

Àlàyé rẹ̀ kò le. Àwọn èròjà méjèèjì tí wọ́n ń pè ní AST àti ALT wà nínú ẹ̀dọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú iṣan ẹsẹ̀ àti apá pẹ̀lú, AST ní pàtàkì. Tí iṣan bá ti ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn irin gbígbé tó le, láìsí ohun kankan tó ṣe ẹ̀dọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kí a wo GGT, èròjà ẹ̀dọ̀ mìíràn tí kì í ti inú iṣan wá, kí a sì wo CK, tó jẹ́ pé inú iṣan gan-an ni ilé rẹ̀. Bí CK bá ga tí GGT sì wà ní ìwọ̀n tirẹ̀, iṣan ni a kọ́kọ́ ń fura sí. Síbẹ̀ n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì hepatitis B ń fà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ ìyẹn wò pẹ̀lú, kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí a sì tún ẹ̀jẹ̀ náà fà. Àgbo ní tirẹ̀ ni kó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, nítorí pé àwọn kan nínú wọn lè ṣe ẹ̀dọ̀ tí kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ní jàǹbá.

CK yìí ni àwọn ikọ̀ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù máa ń wò jù nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ bí iṣan agbábọ́ọ̀lù ṣe ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìdíje. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni creatine kinase, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti jẹ́ kí iṣan tètè rí agbára lò nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ ki eré mọ́lẹ̀ lójijì fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Kò yẹ kó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbábọ́ọ̀lù bá ń sáré kíkankíkan tó sì dúró gbọ̀nrangandan, tó yí padà, tó fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù tó sì balẹ̀, ńṣe ni iṣan itan rẹ̀ ń nà ní àkókò kan náà tó ń sapá láti sún kì, irú ìlò bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń fa ara iṣan ya wẹ́wẹ́ jù lọ. CK á wá máa jò jáde. Kì í ga tán lọ́jọ́ ìdíje fúnra rẹ̀. Láàárín wákàtí 24 sí 48 ni ó máa ń dé góńgó, tí ó bá sì máa fi di nǹkan bíi wákàtí 72, ó ti ń padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tàbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, yóò ní CK tó ga. Ohun tí yóò yà mí lẹ́nu ni tí kò bá ga.

Ọ̀pọ̀ ìwé èsì ló fi òpin CK ọkùnrin sí nǹkan bíi yúníìtì 200 nínú lítà kan. Ní ọdún 2007, onímọ̀ ará Gíríìsì kan, Vassilis Mougios, tẹ ìwádìí jáde lórí ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré ìdárayá, ó sì rí i pé ìwọ̀n tó bá àwọn ọkùnrin eléré ìdárayá mu wà láti 82 dé 1,083, nígbà tí ti àwọn agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin gùn dé 1,492. Ẹ fi èyí wé 200 tó wà lórí ìwé. Ẹ tún fi kún un pé CK àwa aláwọ̀ dúdú máa ń ga ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, kódà nígbà tí a kò bá ṣe iṣẹ́ kankan, ẹ ó sì rí ìdí tí bírò pupa fi máa ń pọ̀ lórí ìwé àwọn ọmọ wa.

Kí wá ni ìtumọ̀ 900 lórí ìwé agbábọ́ọ̀lù kan? Lára ẹni tí CK rẹ̀ máa ń wà ní 700 nígbà tó bá ti sinmi dáadáa, kò ní ìtumọ̀ tó pọ̀. Lára ẹni tí tirẹ̀ kì í ju 250 lọ, tí ó sì ti ń lọ sí ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìdíje, iṣan rẹ̀ kò tíì jinná, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá sì tún kó o lọ sáré òkè lọ́jọ́ náà ń wá ìfarapa fún un ni. Ìwọ̀n ènìyàn kan ni a fi ń wọn ènìyàn náà. Irú èrò yìí ni ó wà nídìí ìwé ìrìnnà ẹ̀jẹ̀ tí àjọ WADA tó ń gbógun ti lílo oògùn afúnnilágbára tí a kà léèwọ̀ nínú eré ìdárayá bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, tí FIFA náà sì lò fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2014: wọn kì í fi ẹ̀jẹ̀ agbábọ́ọ̀lù wé ti ẹlòmíràn nìkan, wọ́n á fi wé tirẹ̀ tí wọ́n ti fà sẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó yí padà lọ́nà tí ara fúnra rẹ̀ kò lè yí. Ibi kan ṣoṣo tí n kì í ti í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí CK ni tí ó bá ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá, tí ara ń ro ẹni náà gidigidi, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ti di pupa-dúdú. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ìyẹn lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ohun tó ń jáde láti inú iṣan lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ó tún ku ohun kan tí ń ba èsì jẹ́ tí àwọn ikọ̀ kì í ronú kàn, ìyẹn ọ̀nà. Àwọn kan máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ní Iléṣà, wọ́n á wá fún ọlọ́kadà kó gbé e wá bá wa nílé-Ifẹ̀. Ìgò náà á ti fò, á ti mì, nígbà tí a bá sì yí i nínú ẹ̀rọ, omi tó yẹ kó jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè lókè á ti pọ́n. Ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa ti bẹ́ nìyẹn, AST àti pọtáṣíọ̀mù tó wà nínú wọn sì ti dà sínú omi náà. Kò sí èsì tí mo lè kọ lórí irú rẹ̀ tí yóò jẹ́ òtítọ́. Ńṣe ni mo máa ń dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀, ìyẹn “ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré.” PCV ni a fi ń wò ó níbí jù, nítorí pé kò wọ́n. A ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tín-ín-rín kan tí ó gùn tó mìlímítà 75, a ó fi amọ̀ dí ìdí rẹ̀, a ó sì tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tó ń yí fún ìṣẹ́jú 5. Tí ẹ̀rọ bá dúró, ẹ̀jẹ̀ pupa á ti wà nísàlẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ á wà lórí rẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè á sì wà lókè pátápátá. A ó gbé e sórí ìwọ̀n, a ó wo ibi tí pupa dé nínú 100. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí pupa ṣe pọ̀ sí nínú omi. Kò sọ iye pupa tó wà nínú gbogbo ara. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú fún àwọn agbábọ́ọ̀lù, nítorí pé nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì tó le, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara á fi omi kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ọkàn lè máa rí púpọ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kí òógùn sì lè rí omi lò. Bí ìgbà tí ènìyàn da omi sí ọbẹ̀ ni: ẹran inú ìkòkò kò dín, ṣùgbọ́n ìpọnbẹ̀ kan kò ní bu iye tó ń bù tẹ́lẹ̀ mọ́. PCV á lọ sílẹ̀, hẹmogilóbíìnì, ìyẹn èròjà tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, á lọ sílẹ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ agbára ẹni náà lórí pápá ń pọ̀ sí i ni. Mo ti rí kóòṣì tó fẹ́ lé ọmọ tó ń sáré jù nínú ikọ̀ rẹ̀ padà sílé nítorí PCV 39.

Àmọ́ àìtó ẹ̀jẹ̀ gidi wà, a kò sì gbọ́dọ̀ fi àlàyé yìí bò ó mọ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà rẹ̀ sí hẹmogilóbíìnì gíráàmù 13 nínú désílítà kan fún ọkùnrin, àti 12 fún obìnrin tí kò lóyún. Àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin ni ó yẹ kí a máa ṣọ́ jù, nítorí nǹkan oṣù, ṣùgbọ́n àwọn ni a kì í sábà ná owó lé lórí. Tí hẹmogilóbíìnì bá lọ sílẹ̀, ohun tó kàn ni ferritin, èyí tó ń fi hàn bí èròjà irin tí ara tò pa mọ́ ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ dókítà eléré ìdárayá gbà pé tí ó bá ti wà nísàlẹ̀ máíkírógíráàmù 30 nínú lítà kan, èròjà irin ti ń tán lọ nílé ìṣúra rẹ̀, bí PCV rẹ̀ tilẹ̀ dára. Ìṣòro tiwa níhìn-ín ni ibà. Ibà máa ń pa ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì tún máa ń gbé ferritin sókè, nítorí pé ferritin máa ń ga nígbàkígbà tí ara bá ń bá àrùn jà. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lè ní ferritin 80 kí èròjà irin rẹ̀ má sì tó. Nítorí náà ni mo fi máa ń ní kí wọ́n fi CRP tì í, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ara ń bá àrùn jà: bí CRP bá ga, ẹ jẹ́ kí a dúró kí ara rẹ̀ balẹ̀ ná.

Mọ́ọ̀tì àti mílíìkì kò ní yanjú rẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ọ̀pọ̀ kò ní dùn sí gbólóhùn yìí. Mílíìkì kò ní èròjà irin tó tó nǹkan, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì máa ń dí èròjà irin inú oúnjẹ lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ màlúù, ẹran pupa, ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ọsàn tí a jẹ tẹ̀lé e, àwọn wọ̀nyí ló ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, kí a sì fi tíì sílẹ̀ di wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò kò dára, nítorí pé èròjà irin tó bá pọ̀ jù náà ń ṣe ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ní jàǹbá. Kí a sì rántí aràn: hookworm ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun, ó sì ń gba ẹsẹ̀ lásán wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ti gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n dé.

Àyẹ̀wò tí mo rò pé kò sí ikọ̀ Nàìjíríà tó yẹ kó fò ó ni jẹ́nótáìpù. Nínú ènìyàn mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, ẹni tó jẹ́ AS sì lè gbá bọ́ọ̀lù dé ibi gíga jù lọ. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sáré tete léraléra láìsinmi, nínú oòrùn, tí omi ara ti dín, pàápàá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìgbáradì lẹ́yìn ìsinmi gígùn, ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa wọn lè yí ìrísí padà kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí iṣan. Àwọn kan ti kú báyìí ní Amẹ́ríkà, èyí ló sì mú kí àjọ NCAA tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò náà ní ọdún 2010. Àmì rẹ̀ yàtọ̀ sí ti iṣan tó dì: ẹni náà kì í kígbe kó di ẹsẹ̀ mú, ńṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn máa rọ, tó máa wó lulẹ̀, tí kò sì ní lè dìde. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá rò pé ọ̀lẹ ń ṣe é, tó ní kó dìde kó máa sáré, ti ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ tafà. Kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n fún un ní omi, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àwọn tí ń kó ọmọ lọ sáré lórí òkè Iléṣà ní ọ̀sán gangan, àwọn gan-an ni mo ń bá wí.

Cortisol àti testosterone, àwọn hómóònù méjì tí àwọn kan fẹ́ràn láti máa wò láti mọ̀ bóyá ìgbáradì ti pọ̀ jù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Cortisol máa ń ga láàárọ̀, á sì rọ̀ bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, nítorí náà èsì aago mẹ́jọ àárọ̀ àti ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò ṣeé fi wéra. Owó wọn pọ̀, èsì wọn ń mì. Ikọ̀ tó ń jẹ agbábọ́ọ̀lù ní gbèsè owó oṣù kò nílò wọn láti mọ ìdí tí ara àwọn ọmọ náà kò fi balẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ agbára sísáré gan-an ni a fẹ́ mọ̀, ẹ̀jẹ̀ tí a fà nígbà tí ènìyàn jókòó kò lè sọ ọ́. Lactate, ìyẹn èròjà tí iṣan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí eré bá le, nìkan ló sún mọ́ ọn, nítorí pé ìgbà tí ènìyàn ń sáré ni a ń wọ̀n ọ́n: a ó gún etí tàbí ìka, a ó gba ẹ̀kán kan lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó sì wo eré tó ń sá nígbà tí lactate bá dé mìlímóòlù 4 nínú lítà kan. Tí eré yẹn bá yára sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbáradì ti ṣiṣẹ́. Lactate kọ́ ló ń fa ara ríro ọjọ́ kejì o, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn eré ni ó ti lọ. Fún ikọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ, àyẹ̀wò Yo-Yo tí Jens Bangsbo ará Denmark gbé kalẹ̀ tó: mítà 20 ní lílọ, mítà 20 ní bíbọ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí eré máa yára sí i bí fóònù bá ti ń dún, títí tí ẹsẹ̀ kò fi ní bá a mọ́. Pápá ìṣeré tó tẹ́jú, kóònù díẹ̀ àti sípíkà ni gbogbo ohun tó gbà.

Ẹ̀jẹ̀ kò sì lè sọ ti ọkàn. Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá ní Surulere ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989, nígbà tí a ń bá Àǹgólà gbá, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Marc-Vivien Foé ti Kamẹrúùnù náà ṣubú ní ìlú Lyon ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ọkàn náà ni. Kò sí èyí tí PCV tàbí CK ìbá fi hàn nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti ECG tí ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, ni ó yẹ kí ikọ̀ kọ́kọ́ sanwó fún kí wọ́n tó máa kó ọmọ wá sọ́dọ̀ mi.

Bí ikọ̀ kan nílé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà bá bi mí pé ibo ni kí wọ́n ná owó kékeré sí, èmi á ní lẹ́yìn ti ọkàn, jẹ́nótáìpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí kì í yí padà. Hẹmogilóbíìnì àti ferritin ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà àti ní àárín rẹ̀. CK lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ara ti sinmi, kí a lè ní ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́, kí a sì tún ṣe é nígbà tí ẹni náà bá ń ráhùn pé ẹsẹ̀ òun wúwo. Àárọ̀ ni kí a máa fà á, kí wọ́n tó jáde fún ìgbáradì, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìdíje tí wọ́n gbá kẹ́yìn sí ara fọ́ọ̀mù. Ní tiwa, a máa ń lẹ èsì sínú àpòòwé, agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni a sì ń fún, tí òun àti dókítà á jọ wò ó. Ìlà kan ṣoṣo ni kóòṣì máa ń rí gbà lọ́wọ́ dókítà náà: kó máa ṣe ìgbáradì lọ, kó dín in kù, tàbí kó dúró ná. Jẹ́nótáìpù ọmọ ènìyàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìmúra, ferritin rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí máníjà á máa fi dúnàádúrà owó oṣù.